Wáyà Méjì Tó Ń Gbé Ọ̀rọ̀: Bí Àwọn Kọ̀ǹpútà Inú Ọkọ̀ Òde Òní Ṣe Ń Bá Ara Wọn Sọ̀rọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní Alékúwodò, Òṣogbo

 

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fa ọkọ̀ náà wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù láti Iléṣà, Camry tí gbogbo wa mọ̀ sí Muscle. Tíṣà ni ẹni tó ni ín, owó àjọ ni ó fi rà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó yí kọ́kọ́rọ́, ni iná ABS bá tàn, iná check engine tàn, iná airbag náà tàn. Ọwọ́ tó ń sọ iye eré sùn lọ sórí òdo, kò dìde mọ́. Jíà kọ̀, ojú kan ni ó wà. Kí ọkọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì. Ẹnì kejì ní jíàbọ́ọ̀sì ti lọ, ó ní kí wọ́n ra tòkunbọ̀ mìíràn. Ẹnì kẹta ní brain box ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì rà á. Iná kò kú. Owó oṣù tíṣà ti bá a lọ, oṣù mélòó kan ṣì wà níwájú tí yóò fi san gbèsè.

Nígbà tí a tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, a bá ẹ̀rọ alarm kan níbẹ̀. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ń wá ibi tí yóò ti rí iná fún un, ó rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, ó bó wọn, ó so tirẹ̀ mọ́ wọn, ó fi táàpù wé e. Oòrùn ti jẹ táàpù náà, ó ti tú, ojú wáyà méjèèjì ti fara kanra. A yọ alarm yẹn kúrò, a fi léèdì jó ojú wáyà náà pọ̀, a lọ́ méjèèjì mọ́ra bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, a sì wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Gbogbo iná kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ iye eré dìde. Kò gbà wá tó wákàtí kan.

N kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ kọ́ ni ọkọ̀ tó wà níwájú wọn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn. Wáyà tí ẹni yẹn bó kì í ṣe wáyà iná. Wáyà ọ̀rọ̀ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni mo wá bá yín sọ.

Ẹ rántí Fọ́sìwágìn ìjàpá, ẹ rántí Peugeot 504. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to méjèèjì pọ̀ nílẹ̀ wa níbí, ìjàpá ní Èkó, Peugeot ní Kàdúná. Nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, wáyà kan, iṣẹ́ kan. Èyí tó ti súìṣì lọ sí iná iwájú, iná iwájú nìkan ló mọ̀. Èyí tó lọ sí fèrè, fèrè nìkan ló mọ̀. Bí iná kan kò bá tàn, ríwáyà á mú bọ́ọ̀bù ìdánwò rẹ̀, á tọ wáyà náà láti fíúsì dé súìṣì, láti súìṣì dé bọ́ọ̀bù, ibi tí iná bá ti dúró ni àìsàn wà. Ọ̀nà yẹn dára, ó sì bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú yìí.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń kún. Kọ̀ǹpútà kékeré dé láti máa wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Òmíràn dé fún jíà. Òmíràn dé fún ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì. Airbag dé, ẹ̀rọ amúlétutù dé, gíláàsì tó ń gun òkè fúnra rẹ̀ dé. Gbogbo wọn ló sì nílò ìròyìn ara wọn. Ẹ wo bí omi inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí nìkan: kọ̀ǹpútà epo fẹ́ mọ̀ ọ́n, dáṣíbọ́ọ̀dù fẹ́ mọ̀ ọ́n, jíà fẹ́ mọ̀ ọ́n, amúlétutù fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní láti na wáyà tirẹ̀ lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dà bí agbo ilé tí olúkúlùkù ń la ọ̀nà tirẹ̀ láti yàrá rẹ̀ lọ sí yàrá gbogbo ẹlòmíràn. Láìpẹ́, kò ní sí àgbàlá mọ́, ọ̀nà ni ibi gbogbo yóò dà. Bí wáyà inú ọkọ̀ ṣe ń wúwo nìyẹn, tí owó rẹ̀ ń gùn sókè, tí ibi tó lè bàjẹ́ sí sì ń pọ̀ sí i.

Ilé-iṣẹ́ Bosch ní ilẹ̀ Jámánì gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí tábìlì ní ọdún 1983. Uwe Kiencke ló ṣáájú àwọn tó ṣe èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1986 wọ́n gbé e síwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní ìpàdé wọn ní Detroit, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1987 Intel ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó gbọ́ èdè náà. Mercedes-Benz fi í sínú ọkọ̀ S-Class tó jáde ní ọdún 1991, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa sílẹ̀. Ní ọdún 1993 ó di òfin ìwọ̀n fún gbogbo ayé, ISO 11898. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Controller Area Network. CAN ni a ń pè é ní kúkúrú, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọṣẹ́ tó wà níbí mú orúkọ yẹn lọ sílé lónìí.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ rántí akéde. Akéde kì í lọ láti ilé dé ilé láti sọ ọ̀rọ̀ sétí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Á lu agogo rẹ̀, á ké e lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn aláta, aláta á dìde. Ẹni tí kò kàn á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni CAN. Wáyà méjì péré ló gba inú ọkọ̀ kọjá, gbogbo kọ̀ǹpútà sì so mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí a bá jù sórí rẹ̀ kò ní àdírẹ́sì ẹni tí a ń ránṣẹ́ sí. Orúkọ ọ̀rọ̀ náà ló ní. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì á kàn ké e pé: “Ìgbóná omi, 90.” Dáṣíbọ́ọ̀dù á gbọ́, á gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Jíà á gbọ́, á mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti yá. Ẹ̀rọ tó ń ṣí gíláàsì náà á gbọ́, á dákẹ́, nítorí kò kàn án. Ìgbà kan ṣoṣo ni a sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì lè kọjá 3,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé lórí wáyà tí ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì ń lò, àmì 500,000 ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Àmì wo? Oríṣi méjì péré ni, òdo àti oókan. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe. Nígbà tí babaláwo bá ń tẹ odù sójú ọpọ́n, ẹyọ kan tàbí méjì ni ó ń tẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹjọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ohun méjì tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ ló bí odù 256. Àmì mẹ́jọ tí kọ̀ǹpútà tò pọ̀ náà, oríṣi 256 ni ó lè jẹ́. Ọ̀rọ̀ CAN kan lè gbé irú ìdì mẹ́jọ-mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ iye eré, ìgbóná, àti bóyá ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tó ń bọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù wà. Kọ̀ǹpútà 20 lè wà lórí wáyà kan, kò sí alága láàárín wọn, kò sí ẹni tó ń pín àyè ọ̀rọ̀. Bí méjì bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Lọ́jà, àwọn méjèèjì á bo ara wọn, a ò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Lórí CAN, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ní nọ́ńbà tó fi ń bẹ̀rẹ̀, láti 0 dé 2047 nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Olúkúlùkù á máa ké nọ́ńbà rẹ̀ ní àmì kọ̀ọ̀kan, á sì máa fetí sí wáyà bí ó ti ń ké e. Wọ́n ṣètò rẹ̀ pé òdo ń bo oókan mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ké oókan, tó wá gbọ́ òdo lórí wáyà, mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wúwo ju tòun lọ wà níta. Á panu mọ́. Ẹnì kejì kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bá òun díje rárá, á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìsí pé àmì kan bọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà tó kéré jù ló lágbára jù.

Bí a bá wà ní ààfin Àtáọ́ja tàbí ní ààfin Ọwá Obòkun, tí ọmọdé àti àgbà la ẹnu pọ̀, ọmọdé ló máa dákẹ́. Ẹ̀yin náà ti rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Lórí CAN, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni àgbà. Ọ̀rọ̀ gan-an ni àgbà. Bí ọmọ kékeré bá sáré wọ ààfin tó ní iná ń jó lẹ́yìnkùlé, ìjòyè tó fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀ obì lẹ́ẹ̀kan náà á dákẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni iná ń jó. Ọ̀rọ̀ amúlétutù ni obì. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló jókòó fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pé èyí ni kí ó ṣáájú èyí.

Èyí tó dákẹ́ kò sì kú. Á dúró títí wáyà yóò fi parọ́rọ́, á tún un ké. Bí òmíràn tó wúwo bá tún wọlé, á tún dúró, á tún un ké. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá mi ta aṣọ àwìn kiri ìlú ẹlòmíràn, òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pé nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ọ̀rọ̀ orí CAN, òṣómàáló ni.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn gidigidi nínú ètò yìí. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣirò kan wà tí olùsọ fi parí rẹ̀. Olùgbọ́ á ṣe ìṣirò tirẹ̀; bí kò bá bá ti olùsọ mu, á pariwo sórí wáyà lójú ẹsẹ̀, gbogbo àwọn yòókù á da ọ̀rọ̀ náà nù, olùsọ á tún un sọ. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé ẹ̀bi tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó sọ bá bàjẹ́, á kọ 8 sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ yọrí, á yọ 1 kúrò. Bí ẹ̀bi náà bá dé 128, á rẹ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá kọjá 255, á yọ ara rẹ̀ kúrò lórí wáyà, kó má baà ba ọ̀rọ̀ àwọn yòókù jẹ́. Ẹ wo èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ọkọ̀ máa ń bá yín ṣeré: ní àárọ̀ ó dára, tó bá rin kòtò ọ̀nà Iléṣà díẹ̀, iná mẹ́ta á tàn; tí ẹ bá pa á tí ẹ tún un ṣí, iná á kú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà kan tí ẹ̀bi rẹ̀ ti kún ni, nítorí ojú wáyà tó ń mì. Kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀.

Wàyí o, kí ló dé tí wáyà fi jẹ́ méjì, kí ló dé tí wọ́n fi lọ́ ọ? Orúkọ méjèèjì ni CAN High àti CAN Low. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, méjèèjì wà lórí fóòtì 2.5. Bí ẹnì kan bá ké òdo, High á gòkè lọ sí bíi 3.5, Low á sọ̀kalẹ̀ wá sí bíi 1.5. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, bíi fóòtì 2, ni ọ̀rọ̀. Inú ọkọ̀ kún fún ariwo iná: pulọ́ọ̀gì ń ta, alternator ń yí, fáànù ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo náà ń bọ́ lu wáyà. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti ìbejì tó di ọwọ́ ara wọn mú, àwọn méjèèjì ló máa ti, àyè tó wà láàárín wọn kò ní yí padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lọ́ wáyà náà, kí ariwo tó bá kan ọ̀kan lè kan èkejì bákan náà. Ẹni tó bá tú u ní gígùn ọwọ́ kan, tó so ó pọ̀ láìlọ́ ọ padà, ti ya ìbejì nípa. Ọkọ̀ náà lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó máa ṣe ségesège lọ́túnla.

Ní ìpẹ̀kun méjèèjì wáyà náà, rẹ̀sísítọ̀ kan wà, ómù 120 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti pariwo lábẹ́ òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ohùn máa ń lu òkè padà wá. Àmì iná náà máa ń lu òpin wáyà padà bẹ́ẹ̀, á sì da ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rú. Rẹ̀sísítọ̀ yẹn ló ń gbé ohùn mì, tí kì í jẹ́ kó padà. Nítorí pé méjì ni, tí wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí a bá gbé mítà lé wáyà méjèèjì, 60 ni a ó rí. Nọ́ńbà yẹn, 60, ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Lábẹ́ sítíárì, ojúhò kan wà tó ní ihò 16, ibẹ̀ ni ẹ ń fi sìkánà sí. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ dúró díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lọ tán. Ẹ gbé mítà sórí ómù. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan kan ihò kẹfà, ẹ fi èkejì kan ihò kẹrìnlá. Bí ẹ bá rí 60, wáyà náà pé, kò já. Bí ẹ bá rí 120, ó ti já níbì kan, tàbí rẹ̀sísítọ̀ kan kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí òdo tàbí ohun tó sún mọ́ òdo, High àti Low ti fara kanra, bíi ti Camry tíṣà yẹn. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, kọ̀ǹpútà kan máa ń dúró láàárín ojúhò yẹn àti wáyà inú, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ ó rí níbẹ̀ lè yàtọ̀. Ó di dandan kí ẹ wo àwòrán wáyà ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìdánwò yìí, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Kọ̀ǹpútà tó ń dúró láàárín yẹn, ògbufọ̀ ni mo máa ń pè é, nítorí iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó ń ṣe. Èdè tó wà nínú ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. LIN wà fún gíláàsì àti dígí ẹ̀gbẹ́, wáyà kan ṣoṣo, ó rọra ń lọ, ó sì pọ́ọ́kú. FlexRay àti Ethernet wà fún ohun tó nílò eré ju CAN lọ. Bosch náà ti ṣe CAN FD jáde ní ọdún 2012, èyí tó lè gbé ẹrù ìlọ́po mẹ́jọ ti àtijọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan. N kò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹni tó bá gbọ́ CAN yékéyéké, àwọn yòókù kò ní ṣòro fún un.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló kan Òṣogbo nínú òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà? Ó kàn wá púpọ̀. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojúhò oníhò 16 yẹn. Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 2008, òfin ní CAN ni ojúhò náà gbọ́dọ̀ máa sọ. Ní Yúróòpù, ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 2001, ti dísù tẹ̀lé e ní ọdún 2004. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn gan-an ló ń gba Kùtọnù àti Èkó wọlé, tí wọ́n ń di tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán níta yìí. Àwọn mìíràn nínú wọn ti wọ omi ìkún níbi tí wọ́n ti ń bọ̀ kí wọ́n tó nù wọ́n tán tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn wọ́n. Omi ti wọ orí wáyà, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orí wáyà.

Ọ̀rọ̀ sìkánà wá kù. Kóòdù tí sìkánà bá gbé jáde, tí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ P, jẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì àti jíà, C jẹ mọ́ bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, B jẹ mọ́ ara ọkọ̀. Èyí tó bá jẹ́ U ni ti ọ̀rọ̀ orí wáyà. Mo bẹ yín, ẹ gbọ́ mi yé lórí èyí. U0100 kò sọ pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ti kú. Ohun tó sọ ni pé: “N kò gbúròó kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì mọ́.” U0121 ní: “N kò gbúròó ABS mọ́.” Bí ẹ bá pe ọmọ yín lórí fóònù tí kò gbé e, ṣé ẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún òkú ni? Ó lè jẹ́ pé bátìrì rẹ̀ ló kú, ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tí a kò gbúròó rẹ̀ lè máà rí iná láti fíúsì, wáyà bọ́dì rẹ̀ lè ti jẹrà, wáyà ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ti já. Ìgbà tí ẹ bá ti wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí gbogbo wọn pé, ni ẹ tó lè dárúkọ brain box. Ní èrò tèmi, ẹni tó bá ní kí oníbàárà ra brain box nítorí kóòdù U nìkan kò tíì ṣe àyẹ̀wò rárá, bí sìkánà ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ wọ́n tó ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ènìyàn ń yí ọkọ̀ sí gáàsì CNG, ìjọba àpapọ̀ sì gbé ètò kan kalẹ̀ fún un. Mo gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gáàsì náà ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó ń dúró láàárín kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì àti ínjẹ́kítọ̀, òmíràn nínú wọn sì ń so mọ́ ojúhò oníhò 16 láti máa gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ. Àlejò ni ó jẹ́ nínú ìjókòó. Bí ẹni tó so ó kò bá mọ wáyà iná yàtọ̀ sí wáyà ọ̀rọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tíṣà Iléṣà yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí. Bákan náà ni tracker, bákan náà ni rédíò onífídíò tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn.

Ibì kan wà tí CAN kù sí, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Àwọn tó ṣe é ní ọdún 1983 kò rò ó pé olè yóò dé orí wáyà. Ọ̀rọ̀ orí CAN ní orúkọ ọ̀rọ̀, kò ní àmì ìdánimọ̀ ẹni tó sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ orí wáyà lè pe ara rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà bíréèkì, a ó sì gbà á gbọ́. Ní ọdún 2015, àwọn olùṣèwádìí méjì, Charlie Miller àti Chris Valasek, jókòó sílé, wọ́n gba íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú Jeep Cherokee kan tó wà lójú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú kí jíà rẹ̀ kọ̀ṣẹ́ lẹ́nu eré. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà pe mílíọ̀nù 1.4 padà láti tún un ṣe. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olè ti mọ bí a ṣe ń tú ẹ̀gbẹ́ iná iwájú ọkọ̀, kí wọ́n dé orí wáyà CAN tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì ké ọ̀rọ̀ èké pé kọ́kọ́rọ́ ti dé, ṣílẹ̀kùn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún kí wọ́n má fojú kékeré wo iná iwájú tó ṣàdédé ṣí.

Orúkọ àdúgbò tí a jókòó sí yìí, Alékúwodò, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: a lé ikú wọ odò. Bíréèkì tó wà nínú ọkọ̀ akérò tó ń gba iwájú gbọ̀ngàn yìí kọjá báyìí, orí wáyà méjì yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà. Nítorí náà n kò rò pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ni mo ń bá yín sọ.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwa mẹkáníìkì, NATA, àti àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọkọ̀, NADDC: ẹ jẹ́ kí a máa kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ ní èdè tí wọ́n ń gbọ́. Ọmọ tó lè fi etí mọ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn kò gọ̀, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ló dí i lọ́nà. Èkejì lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Ẹ̀sà-Òkè àti ní Pólì Ẹdẹ: ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n mọ ìṣirò tí àwa kò mọ̀, àwa náà rí àìsàn ọkọ̀ tí wọn kò tíì rí. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀gá, ti yín ni. Kí ẹ tó ra sìkánà olówó ńlá, ẹ ra mítà gidi kan fún ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ àwòrán wáyà ọkọ̀ mẹ́ta tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín jù síta lórí pépà.

Mítà mẹ́rin wà lórí tábìlì yìí. Ọkọ̀ kan wà lábẹ́ igi níta, a ti yọ orí bátìrì rẹ̀ láti àárọ̀. Kí àwọn ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ bọ́ síwájú, kí àwọn ọ̀gá dúró tì wọ́n. Ihò kẹfà àti ihò kẹrìnlá ni kí ẹ wọ̀n.